Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Gbé Síwájú Pẹpẹ

Ìgbín mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Iye tí obìnrin ará Ìmọ̀rù kan dá lé wọn nìyẹn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀wọ̀, ojú kò sì tì í. Mo wo àwọn ìgbín náà títí. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.

"Ìyá, ṣé àwọn ìgbín yìí ti parí yunifásítì ni?"

"Bẹntiróòlù ló wọ́n. Ọkọ̀ tó gbé mi wá kò gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ìgbín ti ń mu bẹntiróòlù báyìí?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kẹ̀kẹ́ tí òyìnbó ti gùn sú, ṣé ẹ dín owó tiyín kù ni?"

Ẹnu rẹ̀ wù mí. Mo fẹ́ fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ kí n sì tún bá a ṣeré díẹ̀, ni ọkọ̀ kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí àwọn méjì sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ìkórè ìjọ wa ní abúlé ìyá mi ni ẹni àkọ́kọ́. Akápò ló tẹ̀ lé e. Ká ní mo mọ ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀ ni, ìgbín ni ǹ bá rà, kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n lọ sílé lọ sè é.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mò ń tà, kẹ̀kẹ́ onígíà tí táyà rẹ̀ ní eyín, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti òkúta. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ òwò náà. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kó mọ́tò, wọ́n kó ilẹ̀, wọ́n wá wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó so rọ̀ lókè àjà, wọ́n ní kí èmi máa fi ìyẹn ṣeré. Mo ti ń fi í ṣeré láti ìgbà náà. Eré náà ló rán àwọn ọmọ níléèwé. Èmi fúnra mi kò kàwé kọjá pírámárì márùn-ún, ṣùgbọ́n mo lè ka nọ́ńbà tó wà lára táyà, òwò yìí kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà méjì ló wọ́pọ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni kékeré, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ńlá. Mi ò ní purọ́ mọ́ ńlá: ó máa ń kọjá lórí gbòǹgbò àti òkúta bí ẹni tí kò rí wọn, ẹni tó bá ga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ìjókòó rẹ̀ ga, túùbù rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ fọkanáísà kankan láti ibí dé Ìdógùn. Bó bá jò lóko, orí lo máa fi rù ú wálé. Kékeré máa ń ta gìrìgìrì díẹ̀ lórí òkúta, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó tètè ń yí, irin àárín rẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀, ibi yòówù kó sì ti jò, ẹnì kan á ní túùbù rẹ̀ nínú páálí.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjì yìí kò fẹ́ gbọ́ kékeré inú rẹ̀ pàápàá.

"Ọmọ wa," Alága bẹ̀rẹ̀. Èdè Ọ̀wọ̀ ni a máa ń sọ síra wa, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìjọ, ohùn rẹ̀ a yí padà sí ti inú Bíbélì. "A tọ̀ ọ́ wá nítorí kẹ̀kẹ́ kan."

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ta ló fẹ́ gùn ún?"

"Ìjọ ló fẹ́ rà á."

"Ìjọ kì í gun kẹ̀kẹ́, sà. Ẹsẹ̀ ta ni mo fẹ́ wọ̀n?"

Akápò rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì jọ pé wọn kò tíì sọ fún un pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní Bàbá Kátíkíìsì ni wọ́n fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà dá lọ́lá ní ọjọ́ ìkórè.

Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ oyè yẹn, mo gbàgbé ìgbín. Bàbá Kátíkíìsì ló ń darí ìjọ abúlé ìyá mi, lápá Ìdógùn, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Abà àwọn àgbẹ̀ tó wà káàkiri orí òkè, òun ló ń lọ ka Bíbélì fún wọn, òun ló ń gbàdúrà fún aboyún wọn, òun ló ń sin òkú wọn. Ọ̀kadà ló ń gbé e tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo wọ́n tí owó ọ̀kadà di ìlọ́po méjì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì wú bí ọsàn. Gbogbo abúlé ló ti ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ìjọ ń sọ lábẹ́lẹ̀: bí kò bá lè dé abà mọ́, kí ó lọ sinmi, kí wọ́n mú ọ̀dọ́ wá. Inú ilé ìjọ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá mọ ohun tí "lọ sinmi" túmọ̀ sí mọ̀ pé kó kó ẹrù rẹ̀ jáde ni wọ́n ń wí. Kẹ̀kẹ́ yìí nìkan ló lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́: Bàbá kúrú. Kì í ṣe ìkúrú kékeré. Bó bá dúró lẹ́yìn àga ìwàásù, irun funfun àti gíláàsì ojú ni à ń rí.

Mo já kẹ̀kẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan wálẹ̀ fún wọn, aláwọ̀ ewé, kò sí ibi tí wọ́n ti jó fírémù rẹ̀ pọ̀ rí. Mo ní àádọ́fà ẹgbẹ̀rún ni. Alága wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ àná fún. Ó gbójú sókè, ó rí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kan, pupa, tó ti wà lórí ìkọ́ láti ọdún tó kọjá tí kò rí ẹni ẹsẹ̀ gígùn tó máa rà á.

"Gbé ìyẹn wá."

Mo gbé e wá. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ wọn táyà kékeré, ó tún fi wọn ti ńlá, ó fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí ó dé lára ọ̀pá, ó mi orí.

"Èyí ló máa hàn. Bí a bá gbé e síwájú pẹpẹ, àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò rí i."

"Sà, Bàbá kò ní gùn ún lọ síbi pẹpẹ. Orí òkè ló ń lọ."

"Kí ni àwọn èèyàn máa sọ? Pé gbogbo àwa ọmọ ìjọ tó wà ní Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ dáwó jọ, a wá ra kẹ̀kẹ́ ọmọdé?"

Akápò bi mí bóyá kò sí èyí tó wà láàárín. Mo ní ó wà, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àbọ̀ ni, àmọ́ bí túùbù rẹ̀ bá bẹ́, Èkó ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Mo ní ìdí mìíràn tún wà: Bàbá kúrú, ó sì máa ń wọ aṣọ gígùn. Mo ní kí wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ wá kó wá gùn ún wò. Wọ́n ní rárá, ẹ̀bùn tí kò gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ni.

Akápò wá fa Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ wò ó, oníṣòwò wo ló ń lé owó ńlá sẹ́yìn? Kékeré yẹn ní ohun tó ń ṣe é. Ó fẹ́ fi lù wá ní jìbìtì ni."

Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi, méjèèjì papọ̀. Mo ti pe kẹ̀kẹ́ tó fọ́ ní tuntun rí, wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n tún ṣàdúrà fún mi. Ọjọ́ tí mo wá sọ òótọ́ tó máa dín èrè mi kù, ọjọ́ náà ni mo di oníjìbìtì. Mo ní ó dáa, ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún ni ńlá. Wọn kò tilẹ̀ ná an dáadáa. Wọ́n kà á sílẹ̀, wọ́n so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, obìnrin ará Ìmọ̀rù ti kó ìgbín rẹ̀ lọ fún ẹni tó lówó jù mí lọ.

Ní ọjọ́ ìkórè, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù tí mo fi ń kó ọjà, mo lọ sí abúlé. Wọ́n ti pa àgọ́ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣu wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, adìyẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀ wà, àgbò kan ń jẹ ewé tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú ilé ìjọ, kẹ̀kẹ́ mi pupa dúró síwájú pẹpẹ, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù funfun dì í lórí bí ìyàwó. Ní tòótọ́, ó hàn. Alága jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àárín, ó ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó bí i.

Wọ́n pe Bàbá Kátíkíìsì, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n gbàdúrà lé kẹ̀kẹ́ lórí. Omi bọ́ lójú Bàbá. Kí n má purọ́, ojú tèmi náà rin díẹ̀. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde. Gbogbo èèyàn tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ gùn ún ká rí yín!"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ aṣọ yìí," Bàbá ní. Aṣọ ìsìn funfun tó balẹ̀ dé kókósẹ̀ ló wọ̀.

"Rárá o, inú aṣọ yẹn la ti fẹ́ ya fọ́tò!" Alága ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi.

Bàbá gun àtẹ̀gùn ilé ìjọ, wọ́n bá a di kẹ̀kẹ́ mú, ó ká aṣọ sókè, ó jókòó lé e. Wọ́n tì í. Ó ń lọ! Àwọn obìnrin pa igbe ayọ̀. Ó yí igi máńgòrò po, ó ń rẹ́rìn-ín, mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó wá ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ó tẹ bíréèkì, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sísàlẹ̀ láti wá ilẹ̀, ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì. Aṣọ ti kọ́ ṣéènì. Kẹ̀kẹ́ àti Bàbá ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè.

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. Wọ́n gbé e dìde. Ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin yẹn ni, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kẹ̀kẹ́ dáadáa ni." Mi ò mọ ohun tí mo lè fi inú tó bí mi nígbà yẹn wé. Ká ní ó bú wọn ni, ara ì bá tù mí.

Mo ya èrò, mo lọ bá Alága. "Sà, kò sí wàhálà. Ẹ fún mi ní kẹ̀kẹ́ mi. Mo máa gbé kékeré wá lọ́la, mo máa dá àádọ́rin ẹgbẹ̀rún padà fún yín. Bàbá á máa lọ sí abà lọ́sẹ̀ yìí."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bọ́ bàtà sínú ọbẹ̀ rẹ̀. "Ohun tí a ti gbé síwájú pẹpẹ, tí a ti gbàdúrà lé, ṣé ìwọ fẹ́ gbé e padà sọ́jà?"

"Ibẹ̀ náà ló ti wá, sà."

"Kì í padà. Àfi ká lù ú ní gbàǹjo fún Ọlọ́run. Bí a bá ti rí owó rẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò jókòó, a ó ra èyí tó bá Bàbá mu."

"A ó" yẹn ni mi ò fẹ́ràn. "A ó" kan náà ni wọ́n sọ nípa òrùlé ilé Bàbá ní ìkórè méjì sẹ́yìn. Wọ́n gba owó páànù, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tapólì ni wọ́n fi bo ibi tó ń jò, tapólì náà sì ti ń jò báyìí. Owó tó bá wọ inú àpò ìjọ wa, mi ò sọ pé ẹnì kan ń jí i o. Ó kàn ń wọlé ni. Kì í mọ ọ̀nà àbájáde.

Akápò gba máìkì. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bí gbàǹjo ìkórè wa ṣe ń lọ, ẹ gbọ́: ẹni tó ra nǹkan kì í gbé e lọ. Ó máa ń san owó, á pariwo pé òun dá a padà fún Ọlọ́run, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á tún tà á fún ẹlòmíràn. Mo ti rí iṣu kan tí wọ́n tà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọkùnrin ọmọ ìlú kan tó wá láti Àkúrẹ́, tó wọ léèsì tó le bí páálí, ra kẹ̀kẹ́ ní àádọ́ta ẹgbẹ̀rún.

"Mo dá a padà fún Olúwa!"

Àtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá rà á ní ọgọ́ta. Wọ́n dá a padà, wọ́n jó. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n ti tà á lẹ́ẹ̀méjì, kò tíì kúrò lójú kan. Bí èmi bá dán irú rẹ̀ wò ní Ọ̀wọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni mo máa sùn. Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ àgọ́, ìyàwó rẹ̀ ń fi omi nu orúnkún rẹ̀, Bàbá pàápàá ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo dìde. "Àádọ́rùn-ún!"

Ará Àkúrẹ́ yíjú sí mi. "Ọgọ́rùn-ún."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gùn ún lọ sí Àkúrẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ fi bọlá fún Ọlọ́run ni, màdáámù."

"Àgbò ńlá kan wà níbẹ̀ yẹn tí kò tíì sí ẹni tó fi bọlá fún Ọlọ́run. Ẹ lọ wò ó. Ọgọ́fà!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ará Àkúrẹ́ wo àgbò, ó wò mí, ó jókòó. Akápò lu tábìlì, ó kígbe pé èmi ni mo rà á. Ó na máìkì sí mi lẹ́nu.

"Ẹ ń dá a padà fún Olúwa, àbí?"

"Mi ò dá nǹkan kan padà. Ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi."

Akápò fa máìkì padà. Mo gbọ́ tí àgbò ń jẹun. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Áà! Ó gbé e lọ ní tòótọ́?" Ìyá àgbà kan ní, "Oníṣòwò ni. Kí lẹ retí?" Alága kò wo ojú mi. Mo sanwó, mo gba rìsíìtì, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi tó ti tẹ̀ ní ríìmù iwájú, mo fi rìbọ́ọ̀nù wọn sílẹ̀ fún wọn, mo lọ. Títí di òní, àwọn kan wà ní abúlé tí wọ́n ń pè mí ní obìnrin tó gba ẹrù lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé kẹ̀kẹ́ kékeré aláwọ̀ ewé lọ. Mi ò yà sí ilé ìjọ. Ẹnu ọ̀nà ilé Bàbá ni mo gbé e sọ̀ sí. Ó jáde pẹ̀lú báńdéèjì lórúnkún, ó wò ó, ó wò mí.

"Ọmọ mi, o ṣeun gan-an. Jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí Alága, kí ìgbìmọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n tó fi lé mi lọ́wọ́. Bó ṣe yẹ ká ṣe é nìyẹn."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an! Bí ẹ bá jẹ́ kó dé iwájú pẹpẹ yẹn, wọ́n tún máa tà á. Ẹ gùn ún níbí, kí n rí i."

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí mo mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ gun nǹkan yìí, kí ọmọ yìí lè lọ sílé rẹ̀."

Ṣòkòtò ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí irin, kò nílò àtẹ̀gùn. Ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó so Bíbélì mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Ó ní obìnrin kan wà ní abà kan tó ti bímọ láti ọjọ́ mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ gbàdúrà fún. Ó yí gíà padà bí mo ṣe fi hàn án, ó gun òkè náà lọ, kò sáré. Mo dúró títí igbó fi bò ó. Kò sí ẹni tó tún ń sọ̀rọ̀ ìsinmi mọ́ báyìí, nítorí àwọn ará abà náà ti ń wá láti sọ pé Bàbá ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbìmọ̀ ńkọ́? Wọn kò tíì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣírò, torí èmi kì í ṣe áńgẹ́lì. Kẹ̀kẹ́ ńlá, ogóje ẹgbẹ̀rún ni mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó kó o wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Pólì, gígùn bí òpó iná, ló rà á lọ́wọ́ mi níkẹyìn, ogóje náà ló san, ìyẹn ti pa ara wọn rẹ́. Ìjọ fún mi ní ọgọ́sàn-án. Mo fún ìjọ ní ọgọ́fà padà. Kékeré tí Bàbá ń gùn, àádọ́rùn-ún ni mo rà á. Ẹni tó bá mi na ríìmù tó tẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀, kò dín kọ́bọ̀. Ohun tí mo pàdánù lórí kí Alága lè rí kẹ̀kẹ́ tó máa hàn dé ẹ̀yìn ilé ìjọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni.